Bí Mo Ṣe Kó Àwọn Ọmọ Ìyá Abíyè Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ẹ fún mi láyè kí n na ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u tán. Òjò ti dá, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bẹ, kò sì sẹ́ni tó tún lè lọ sóko lónìí, nítorí náà mo ti mú gbogbo yín.

Èmi ni Ògúnmọ́dẹdé, ọdẹ tó ti rin igbó mẹ́rìndínlógún tí ẹ kò mọ orúkọ wọn. Mo ti bá ẹfọ̀n jìjàkadì fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ní kí a sinmi. Mo ti dé ìlú àwọn iwin olórí méjì, mo sì kọ́ orí kejì wọn ní bí wọ́n ṣe ń súfèé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo igbó tí mo ti wọ̀, kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu tó igbó tó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ wò ó lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn.

"Bàbá Kíkẹ́lọmọ, ẹ sọ fún wọn pé orí àga lẹ sùn sí lọ́sẹ̀ yẹn, tí ẹ ń hanrun níwájú kọ̀ǹpútà."

Àwẹ̀ró, ara tí mo fi sórí àga lo rí. Èmi gan-an ti lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Abíyè jẹ́, nítorí àwọn àlejò tó wà láàárín wa. Ìyá Abíyè ni agbẹ̀bí ìlú yìí fún àádọ́ta ọdún. Wọ́n ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin báyìí, ojú wọn ti ṣú, iyè wọn sì ti ń fò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè jẹun tán kí wọ́n tún béèrè oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n gbà láti inú ìyá wọn ti fọ́n ká gbogbo ayé, wọ́n sì ń kọ ímeèlì sí wọn. Èmi ni mò ń kà á fún wọn, èmi ni mo sì ń kọ èsì tí wọ́n bá sọ. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Mo ti ń tún rédíò àti ìbọn ṣe tipẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo tú u, mo wò ó, mo tò ó padà. Nígbà tí mo tò ó lẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀tì kankan kò ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ mọ́.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìwé àdírẹ́sì Ìyá Abíyè tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ọjọ́ kẹjọ ni ìdílé máa ń sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ náà, Ìyá Abíyè ti wà nídìí aboyún mìíràn. Orúkọ tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá mú wá ni wọ́n mọ̀. Èyí tó bá ti ẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Èyí tí irun rẹ̀ bá ta kókó, Dàda ni. Èyí tí okùn ìwọ́ rẹ̀ bá lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, Òjó ni bó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná ni bó bá jẹ́ obìnrin. Báyìí ni wọ́n ṣe ní kí n kọ wọ́n, báyìí náà ni mo ṣe kọ wọ́n. Ọmọ igba ó lé mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé náà. Nínú wọn, mọ́kànlá ló ń jẹ́ Ìgè.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́tà kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn Ìgè wọ̀nyí, obìnrin tó ń gbé ní ìlú òyìnbó. Mo kà á sókè fún Ìyá Abíyè. Ó ní:

"Ìyá wa, ẹ kú àtijọ́. Oṣù yìí ni mo máa bí ọmọ mi àkọ́kọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi ni màmá mi kú. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohunkóhun fún mi nípa ọjọ́ náà, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀ tí ẹ ṣì wà láyé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó lọ rọbí. Ṣé màmá mi rí mi kí wọ́n tó kú? Èmi Ìgè yín."

Ìyá Abíyè ní, "Ògúnmọ́dẹdé, mo mọ ìdáhùn yẹn. Jẹ́ kó di ọ̀la, kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ."

Mo fi àdírẹ́sì náà sínú ìwé àdírẹ́sì, mo kọ "Ìgè" sí i, òun ni Ìgè kọkànlá. Àpótí lẹ́tà wa ti kún nígbà náà, bí mo sì ti máa ń ṣe, mo pa lẹ́tà náà rẹ́ kí àyè lè wà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Bí ẹ ṣe máa ń gbálẹ̀ ilé yín náà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lẹ́yìn odi fi kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí wa. Ó ń dán, ó fẹ́lẹ́ bí àwo. Ẹni tó gbé e wá ní òun yóò padà wá ní ọjọ́ keje láti gbé èyí àtijọ́ lọ, àti pé wọn yóò nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó fún ilé ìwé kan. Mo tan tuntun, mo ṣí ètò ímeèlì inú rẹ̀, mo wo ibi tí àdírẹ́sì ń wà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ṣófo bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun.

Bí Ìyá Abíyè ṣe jókòó, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìgè mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá, ó ṣì wà nínú ti àtijọ́."

"Lọ mú un wá. Má pẹ́ o. Ohun tí mo mọ̀ ń jáde lórí mi lójoojúmọ́, n kò mọ ọjọ́ tí yóò kan ti ọmọ yẹn."

Ohun tó gbé mi dìde nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo dé fìlà ọdẹ mi, mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo fi ìbọn sílẹ̀ nítorí n kò mọ ohun tí wọ́n ń yìnbọn fún níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì lé ojú dígí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ó kọ́kọ́ tutù, lẹ́yìn náà ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, mo sì kó sínú rẹ̀.

Igbó Àná ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ewé ibẹ̀ kì í mì, nítorí atẹ́gùn kan kì í fẹ́. Àwọn lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò parí ń fò kiri bí àdán, wọ́n ń sọ ìlàjì gbólóhùn. Ọ̀kan bà lé èjìká mi, ó ní, "Mo kí yín o, lẹ́yìn náà mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé," ó sì fò lọ. Mo rìn títí mo fi dé ìdí igi ràgàjì kan tí ihò wà lára rẹ̀ láti ìdí dókè. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni ọmọ Ìyá Abíyè kan jókòó sí, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí itan. Ìdí igi náà ni iwin kan wà tí ewé ti hù ní etí rẹ̀ méjèèjì. Gbàgbémisíbí ni orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ta lo jẹ́ tí o wá ń da eruku wa láàmú?"

Mo ní, "Ìwọ ni kí o bi ẹfọ̀n léèrè ẹni tí mo jẹ́. Mo wá kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ."

"Kó wọn lọ kẹ̀, bí ẹni kó iṣu! Dá mi lóhùn ná. Kí ni ọdẹ lè mú kúrò níbì kan, tí yóò mú un délé, tí yóò sì tún wà níbi tó ti mú un?"

"N kò wá pa àlọ́. Ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀."

Gbàgbémisíbí mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò bá dáhùn, akèrègbè là ń fún un." Ó mú akèrègbè ńlá kan, ó da gbogbo ọmọ náà sínú rẹ̀ bí ẹni da àgbàdo, ó fi oje igi dí ẹnu rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí. Inú mi dùn. Mo ń kọrin lọ lójú ọ̀nà. Mo la odò kọjá láìwẹ̀yìn, mo dé ẹnubodè Ìlú Tuntun, níbi tí ilé funfun tò lọ títí tí kò sí ẹni tó ń gbé inú wọn.

Iwin tó ń ṣọ́ ẹnubodè náà, Afiwéra ni wọ́n ń pè é. Kò ní ojú lórí. Inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, nítorí náà ohun méjì péré ló lè wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yí akèrègbè sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Ó ní, "Oje ilé ibòmíràn nìyí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

"Fọ́ ọ!"

"Bí mo bá fọ́ ọ, ìyẹ̀fun lo máa bá nínú rẹ̀. Padà lọ, kí o sọ fún ẹni tó dì í kó má dì í. Kí wọ́n wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara wọn."

Bí mo ṣe padà nìyẹn, ẹrù lórí, àárẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí. Bí mo ṣe ń wo ilẹ̀ lọ, mo rí ojú ẹsẹ̀ èkìrì kan nínú ẹrẹ̀, ọwọ́ mi sì ti já igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí n tó mọ̀, mo fi wọn ojú ẹsẹ̀ náà bí mo ti máa ń ṣe láti kékeré. Mo fẹ́ fi igi náà sínú àpò ni mo bá dúró. Ojú ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ mi.

Mo sáré. Kí n tó dé ìdí igi ni mo ti ń pariwo, "Gbàgbémisíbí! Ìwọ̀n ojú ẹsẹ̀! Ẹ̀dà ni! Ẹ̀dà ni mo fẹ́!"

Iwin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ewé etí rẹ̀ sì gbọ̀n. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?" Ó gba akèrègbè, ó da àwọn ọmọ padà sínú ihò wọn, ó wá fi ọwọ́ lu igi lẹ́ẹ̀kan. Láti inú ihò kọ̀ọ̀kan ni ọmọ kan ti jáde, ojú kan náà, ẹrù kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ihò kò kúrò níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn tó jáde. Ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pa ẹkùn, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo bá ṣì ṣe lọ́nà, mo lè padà wá mú òmíràn.

A dé odò. Nígbà tí mo gbé akèrègbè, ẹnì kan ni mí, mo lúwẹ̀ẹ́. Báyìí, ọkọ̀ ni a nílò. Atukọ̀ kan wà létí odò, ó wò wá láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ mi kò gba ogúnlọ́gọ̀. Ìlà ló ń gbà. Ọmọ kan, ìlà kan. Orúkọ ṣáájú, àdírẹ́sì tẹ̀ lé e, ìlú ló gbẹ̀yìn. Kí kómà kan sì dúró láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Àwọn kómà ni ẹ̀dá kéékèèké tí ìrù wọn ká sí ìsàlẹ̀, wọ́n pọ̀ létí odò náà bí àkéré. Wọ́n fò dìde, oníkálukú wọn sì dúró sí àyè tirẹ̀ láàárín ẹrù àwọn ọmọ. A wọkọ̀. A dé àárín odò, ni ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Atukọ̀ kígbe, "Ta ló gbé kómà ti ara rẹ̀ wá?"

Àbíọ́nà ni, ọmọ tí wọ́n bí sójú ọ̀nà. Nínú ẹrù rẹ̀, ibi tó kọ ìlú rẹ̀ sí, ó kọ ọ́ báyìí: ẹ̀yìn ọjà, Ṣakí. Kómà kan ti wà nínú ẹrù rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí sì mú kí ìlà rẹ̀ gùn ju ti àwọn tó kù lọ.

Àbíọ́nà ní, "Bàbá, ẹ̀yìn ọjà ni mò ń gbé lóòótọ́. Ṣé kí n purọ́ ni?"

Mo ní, "Má purọ́. Dúró bẹ́ẹ̀." Mo fa aṣọ kan ya láti ara dàńṣíkí mi, mo so ẹrù náà ní ìbẹ̀rẹ̀, mo so ó ní ìparí, kí atukọ̀ lè mọ̀ pé ohunkóhun tó bá wà láàárín ìdì méjèèjì, ẹrù kan ṣoṣo ni. Ọkọ̀ náà tọ́. Atukọ̀ wò mí títí. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní, "Ọwọ́ mi ni."

Ẹ rí i bí mo ṣe ń yangàn. Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ ìtìjú tó tẹ̀ lé e.

A dé ọ̀dọ̀ Afiwéra. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta, ó ń wo àwọn ọmọ ní méjì méjì. Ó ní, "Àyè orúkọ kìíní, mo rí i. Àyè orúkọ kejì ṣófo. Kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn tó jọra pọ̀ jù. Ṣé kí n dà wọ́n pọ̀?"

Ebi ń pa mí, oorun ń kùn mí. Mo ní, "Dà wọ́n pọ̀ jàre, kí n máa lọ jẹun."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnubodè ṣí. N kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Mo jáde sórí àga mi, Àwẹ̀ró gbé iyán wá, mo sì sọ fún Ìyá Abíyè pé gbogbo ọmọ wọn ti wọlé.

Wọ́n gbọ́n, Ìyá Abíyè. Wọ́n ní, "Kọ díẹ̀ sí Ìgè ná, kó dá wa lóhùn, kí n mọ̀ pé òun gan-an ni. N kò ní sọ ọ̀rọ̀ ikú ìyá rẹ̀ létí ẹlòmíràn." Mo wá Ìgè, mo rí Ìgè kan ṣoṣo, mo kọ ọ́ sí i pé: "Ìgè ọmọ mi, oyún inú rẹ ńkọ́?"

Èsì dé kí oúnjẹ tó dà nínú mi. Ó ní: "Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin ni mí o, mo ń wa tírélà ní Jẹ́bà. Ikùn mi tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bà ló wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo sáré padà wọ Ìlú Tuntun, mo ka àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Mọ́kàndínlógún! Mo kó igba ó lé mẹ́rìnlá dé ẹnubodè, mọ́kàndínlógún ló wọlé. Gbogbo Dàda ti di Dàda kan tí irun rẹ̀ kún ojúlé. Gbogbo Ìgè ti di Ìgè kan tó ní ẹsẹ̀ méjìlélógún, tó na gbogbo wọn síwájú. Nígbà tí mo pè é, ohùn mọ́kànlá ló dáhùn lẹ́nu kan, n kò sì gbọ́ ọ̀kankan dáadáa.

Mo jókòó síwájú Ìyá Abíyè, mo ṣí fìlà, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé wọn yóò bú mi.

Wọ́n ní, "Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta, Ìyá."

"Àwọn ti inú igbó ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà. Ẹ̀dà ni mo bàjẹ́, n kò bà wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe Ìgè, mọ́kànlá ló ń jẹ́ 'hẹ̀n-ẹ́n'. Mo nílò orúkọ kejì fún oníkálukú. Kí ni orúkọ bàbá wọn?"

Ìyá Abíyè yí ojú wọn tó ti ṣú sí mi. "Orúkọ bàbá? Bàbá kọ́ ló rọbí. Ìta ni wọ́n máa ń wà, tí wọ́n ń rìn síwá rìn sẹ́yìn. Orúkọ ìyá ni mo mọ̀. Òun ni mò ń pè títí ọmọ yóò fi dé."

"Nígbà náà, ẹ fún mi ní orúkọ ìyá."

Ọjọ́ méjì gbáko la fi jókòó síbí yìí gan-an. Ẹni tí kò rántí pé òun ti mu tíì láàárọ̀ ń ka orúkọ obìnrin igba fún mi, láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, láìdúró. Dàda ọmọ Mọ́remí. Dàda ọmọ Àsíá. Àìná ọmọ Fẹ̀hìntọlá. Àwọn orúkọ mìíràn ń mú wọn rẹ́rìn-ín, òmíràn ń mú wọn mí kanlẹ̀. Mò ń kọ, Àwẹ̀ró ń bu omi fún wa. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a dé orí àwọn Ìgè. Wọ́n ka ọ̀kan, wọ́n ka méjì, wọ́n ka mẹ́wàá.

Mo ní, "Ó ku ọ̀kan, Ìyá. Èyí tí ìyá rẹ̀ kú."

"Mo mọ̀. Mo ń wò ó lójú mi. Ọ̀sán ọyẹ́ ni. Obìnrin pupa, ó ní ilà kékeré nísàlẹ̀ ojú. Orúkọ rẹ̀ kò wá, Ògúnmọ́dẹdé. Kò wá o."

Mo ti bá iwin jà, ṣùgbọ́n kò sí bí ọdẹ ṣe lè wọ inú igbó yẹn lọ bá èèyàn wá nǹkan. Àwẹ̀ró ló dìde. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Abíyè, ó mú ọwọ́ wọn méjèèjì, ó ní, "Ìyá, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná. Kí ni ẹ fi ọwọ́ ṣe lọ́jọ́ náà?"

Ìyá Abíyè gba ọwọ́ wọn padà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, bí ẹni di ohun tó ń yọ̀ mú. "Ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ jáde. Mo fi ọwọ́ òsì gbé e báyìí. N kò fà á, wọn kì í fà á. Mo yí ìbàdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Èjìká kan. Èjìká kejì. Ó ku orí. Mo ní kó má tì í, kó kọ́kọ́ mí. Mo ní, mí, mí, Ṣẹ̀yẹ, mí!"

Wọ́n dúró. Ọwọ́ wọn ṣì wà nínú afẹ́fẹ́.

"Ṣẹ̀yẹ," ni wọ́n wí. "Ṣẹ̀yẹ ni."

Ìwé mi ti rin, n kò mọ ẹni tó da omi sí i.

Ọjọ́ kẹfà ni mo padà wọ Igbó Àná. Ohun funfun kan ti ń jẹ igbó náà láti eteetí, igi tó bá kàn ń di òfo, àfi bí ẹni pé ìnùkúrò tí wọ́n ṣèlérí kò lè dúró de ọjọ́ keje mọ́. Gbàgbémisíbí ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní, "O pẹ́." Mo dúró nídìí igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń gbé ojú sókè tí ẹ̀dà rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Ohùn mi ti há kí n tó parí. Mo pe Ìgè ọmọ Ṣẹ̀yẹ. Nínú ihò tó ga jù lọ, obìnrin kan tó di ikùn rẹ̀ mú dìde dúró. Ó ní, "Ta ló mọ orúkọ màmá mi?"

Mo ní, "Sọ̀kalẹ̀ wá ná, ìyá ọmọ. Rọra o."

Atukọ̀ kò bá wa jiyàn. Ní ẹnubodè, Afiwéra na ọwọ́ rẹ̀ síta. Ó wo Ìgè ọmọ Àṣàkẹ́ ní ọ̀tún, ó wo Ìgè ọmọ Ṣẹ̀yẹ ní òsì. Ó ní, "Wọn kò jọra. Ẹ wọlé." Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi: kò bi mí bóyá orúkọ bàbá ni tàbí ti ìyá. Kò kàn án. Ohun tó ń wò ni pé àyè kejì kò ṣófo, àti pé ọ̀tún kò bá òsì mu. Gbogbo ìbẹ̀rù tí mo ní fún iwin náà tán níbẹ̀. Bí èèyàn bá ti mọ ohun tí ẹ̀rọ ń wò àti ohun tí kò lè rí, wọ́n á máa bára wọn ṣe dáadáa. Igba ó lé mẹ́rìnlá ló wọlé. Mo ti kó mọ́kàndínlógún tó dàpọ̀ kúrò ṣáájú, mo sì ka àwọn tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilé funfun gbogbo ti ní ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, ẹnì kan sì ti ń sá aṣọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Abíyè sọ lẹ́tà, tí mo sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́:

"Ìgè ọmọ Ṣẹ̀yẹ, màmá rẹ rí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ ló kọ́kọ́ rí, ó dì í mú kí n tó rí orí rẹ, ó ní ó gbóná. Nígbà tí o jáde tán, mo gbé ọ lé e láyà. Ó wò ọ́ fún ìgbà tí èèyàn lè fi fọ abọ́ méjì. Ó ní, 'Ẹ wo imú bàbá rẹ̀, ó mà ṣe o,' ó sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè dá a dúró. Mo sa gbogbo ipá mi, ọmọ mi. Má bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ rẹ ló fà á tí mo fi pẹ́, kì í ṣe òun ló pa á. Mo ti fẹ́ sọ ìyẹn fún ọ láti ọjọ́ tí o ti lè gbọ́rọ̀. Lọ bímọ rẹ."

Mo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà náà lọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n wá gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni èsì wọlé. Ó kúrú. Ó ní: "Ìyá wa, mo ti bí obìnrin. Ara àwa méjèèjì le. Mo mú lẹ́tà yín lọ sí yàrá ìrọbí, ọkọ mi ń kà á fún mi. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ lé mi láyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dì mú. Ó gbóná."

Mo kà á fún Ìyá Abíyè. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi.

"Ìròyìn yẹn dùn. Ta ló kọ ọ́?"

Àwẹ̀ró wò mí. Mo ní, "Ìgè ni, Ìyá. Ìgè ọmọ Ṣẹ̀yẹ."

"Ṣẹ̀yẹ!" Ìyá Abíyè gbá ọwọ́ mi mú. "Ó rí ọmọ rẹ̀ o, Ògúnmọ́dẹdé, kó tó lọ. Ó rí i dáadáa. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún ọmọ náà."

Mo ní, "A ti sọ fún un, Ìyá. Ó ti gbọ́."

Wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."